Ìjì Kò Tíì Dé, Ọkọ̀ Ti Dúró: Bí Ìrìnàjò Rélùwéè àti Ọkọ̀ Ojú Omi Ṣe Ń Dàrú Ní Scotland

Ẹ ti rí fídíò yẹn rí. Rélùwéè ayé àtijọ́ kan ń rú èéfín, ó ń gba orí afárá gígùn kan kọjá láàárín òkè, orin Harry Potter ń lọ lábẹ́ ẹ̀. Glenfinnan ni wọ́n ń pe ibẹ̀, ní ìwọ̀ oòrùn Scotland. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Glasgow, Manchester àti London máa ń lọ síbẹ̀ lọ ya fọ́tò, àwa tá a wà ní Èkó á máa wò ó lórí fóònù, a ó máa ní ọjọ́ kan ń bọ̀.

Ohun tí fídíò yẹn kì í sọ ni pé afárá kọ́ ni òpin ìrìnàjò. Ojú irin náà lọ tán sí etí òkun, ní ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Mallaig. Ẹni tó bá fẹ́ dé erékùṣù Skye á bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀, á fẹsẹ̀ rìn díẹ̀ dé èbúté, á wọ ọkọ̀ ojú omi sọdá sí Armadale. Kò ju ìṣẹ́jú 45 lọ lórí omi. Rélùwéè so kọ́ ọkọ̀ ojú omi. Bí ọ̀kan bá ti já, wàhálà dé bá ìkejì nìyẹn. Ìjì ló sì sábà máa ń já a.

Èmi fúnra mi ti wà nínú ẹ̀. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Glasgow la jọ wọ rélùwéè àárọ̀ ní ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù October. Oòrùn ń ràn. Ẹ̀gbọ́n mi ti tọrọ àyè ọjọ́ méjì níbi iṣẹ́, ó sì gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́ ní ọjọ́ Ajé. Hòtẹ́ẹ̀lì tá a máa sùn ní Skye, a ti sanwó ẹ̀ pátá. A dé Fort William ni fóònù ẹ̀gbọ́n mi dún: ọkọ̀ ojú omi ọ̀sán kò ní lọ mọ́. Kò pẹ́ ni wọ́n tún kéde pé rélùwéè wa náà kò ní kọjá Fort William. Ẹ̀gbọ́n mi gbójú sókè wo sánmà, ó wò mí, ó ní, "Níbo ni ìjì ọ̀hún wà?"

Ìbéèrè gidi ni, torí lóòótọ́, ewé kan ò mì níbi tá a dúró sí. Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín bó ṣe jẹ́.

Ojú irin tó léfòó

Ká bẹ̀rẹ̀ látorí ọ̀nà fúnra ẹ̀. Láti Glasgow dé Mallaig tó kìlómítà 264, rélùwéè sì máa ń lò ju wákàtí márùn-ún lọ. (Ojú irin tuntun tiwa láti Èkó dé Ìbàdàn jẹ́ kìlómítà 157, ẹ fi wọ́n ara wọn.) Ọdún 1894 ni wọ́n ṣí i dé Fort William, ó di 1901 kí wọ́n tó fà á dé Mallaig. Ní ibì kan tó ń jẹ́ Crianlarich, ọ̀nà pín sí méjì: ọ̀kan lọ sí Oban, níbi tí ọkọ̀ ojú omi mìíràn ti ń kó èrò lọ sí erékùṣù Mull, èkejì ń gòkè lọ síhà àríwá.

Ìhà àríwá yẹn ni Rannoch Moor wà. Irà ni gbogbo ibẹ̀, ó lọ salalu, kò sílé kò sọ́nà. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ ojú irin náà, ohunkóhun tí wọ́n bá dà sílẹ̀ ni irà ń gbé mì. Ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ wá ṣe ni pé wọ́n kó gbòǹgbò igi, ẹ̀ka igi, yẹ̀pẹ̀ àti eérú jọ rẹpẹtẹ, wọ́n tẹ́ ẹ bí ẹní, wọ́n wá to irin lé e lórí. Títí dòní, orí ẹní yẹn ni rélùwéè ń gbà. Ó léfòó ni. Òkè ibẹ̀ ni ibùdókọ̀ Corrour wà, mítà 408 sókè ìtẹ́jú òkun, òun ló sì ga jù nínú gbogbo ibùdókọ̀ tó wà lórí ojú irin ńlá ilẹ̀ Britain. Kò sí títì aráàlú tó débẹ̀. Bí rélùwéè bá kọṣẹ́ sí ọ níbẹ̀, kì í ṣe ibi téèyàn ti ń pe Bolt.

Ṣùgbọ́n ohun tó ń dá wàhálà sílẹ̀ jù ni èyí: bí ọkọ̀ bá ti jáde kúrò ní agbègbè Glasgow, ojú irin kan ṣoṣo ló kù. Ọkọ̀ tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀ gbọ́dọ̀ dúró de ara wọn ní ibùdókọ̀ kí wọ́n tó lè fún ara wọn lọ́nà. Igi kan ṣoṣo ṣubú, ọ̀nà ti dí fún gbogbo wọn. Kò sí ẹ̀gbẹ́ títì tí dírẹ́bà máa bọ́ sí.

Igi nìkan kọ́ sì ni ìjì ń gbé wá. Àwọn ìdílé níbẹ̀ máa ń ra trampoline sí ẹ̀yìnkùlé, ìyẹn àtẹ́ ńlá tí àwọn ọmọ ń fò lórí ẹ̀. Ìjì á gbé e nílẹ̀, á lọ jù ú sójú irin. Ẹ lè rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n bí ìjì bá ti fẹ́ dé, àwọn tó ń tọ́jú ojú irin máa ń bẹ aráàlú pé kí wọ́n jọ̀ọ́ so ó mọ́lẹ̀.

Òjò tún burú ju atẹ́gùn lọ. Ní August 12, 2020, lẹ́yìn òjò ńlá kan, rélùwéè kan yẹ̀ lójú irin ní Carmont, nítòsí Stonehaven, ní ìlà oòrùn Scotland. Òkúta àti yẹ̀pẹ̀ tí omi fọ̀ jáde látinú kòtò ìṣàn omi ló lọ kọlù. Èèyàn mẹ́ta kú: dírẹ́bà, kọ̀ǹdọ́kítọ̀ àti èrò kan. Ìwádìí fi hàn pé wọn ò kọ́ kòtò yẹn bí wọ́n ṣe yà á sínú ìwé. Ní 2023, ilé ẹjọ́ bu owó ìtanràn £6.7 mílíọ̀nù lé Network Rail, ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó ojú irin. Lẹ́yìn Carmont ni ojú wọn túbọ̀ là sí ọ̀rọ̀ òjò: bó bá ti ń rọ̀ kọjá ààlà, ọkọ̀ gbọ́dọ̀ rọra rìn, tàbí kó má rìn rárá. Bí ìjì bá sì ti kọjá, wọ́n lè kọ́kọ́ rán ọkọ̀ kan tí kò kó èrò jáde lọ yẹ ọ̀nà wò. Ìdí nìyẹn tí oòrùn á fi ti yọ lọ́jọ́ kejì, tí ẹ ṣì máa jókòó ní ibùdókọ̀.

Lójú ọ̀nà Oban, nǹkan kan wà tí mo fẹ́ràn gan-an. Láti 1882 ni wọ́n ti ta wáyà sí ẹ̀gbẹ́ òkè Cruachan, lókè ojú irin. Bí àpáta bá yí lulẹ̀, tó já wáyà, àmì tó wà létí ojú irin á yí padà láti kìlọ̀ fún dírẹ́bà. Bí atẹ́gùn bá ń fẹ́, wáyà yẹn máa ń kùn bí ohun èlò orin, ni àwọn èèyàn bá sọ ọ́ ní dùùrù Anderson, orúkọ ọ̀gá kan ní ilé iṣẹ́ rélùwéè nígbà náà. Kò sí kọ̀ǹpútà nínú ẹ̀, kò sí sátẹ́láìtì. Wáyà lásán.

Ẹni iwájú tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Alẹ́ December 28, 1879, ìjì ńlá ń jà ní Dundee, wọ́n sì jẹ́ kí rélùwéè gun afárá odò Tay. Afárá yẹn kò tíì pé ọdún méjì tí wọ́n ṣí i. Àárín afárá wó lulẹ̀, tòun ti rélùwéè tó wà lórí ẹ̀, sínú omi. Ẹnì kankan ò yè. Thomas Bouch tó ya àwòrán afárá náà ti gba oyè lọ́wọ́ Ọbabìnrin Victoria lọ́dún yẹn kan náà. Ìwádìí fi hàn pé iṣẹ́ náà kò dáa, àti pé kò ka agbára atẹ́gùn sí bó ṣe yẹ.

Ohun tí ọ̀gá ọkọ̀ ń rò

Ó wá ku ti omi. Ọ̀pọ̀ wa máa rò pé ìgbì àárín òkun ló ń dá ọkọ̀ dúró. Ó wà níbẹ̀, àmọ́ etí èbúté gan-an ni iṣẹ́ wà. Ọkọ̀ tó ń kó mọ́tò máa ń ga lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ilé alájà, atẹ́gùn á sì máa ti ẹ̀gbẹ́ yẹn bí ìgbà tó bá rí ìgbòkun. Lójú agbami, àyè wà láti fi yí síhìn-ín sọ́hùn-ún. Létí èbúté, kò sáyè. Ọkọ̀ gbọ́dọ̀ rọra sún mọ́ kọnkéré, wọ́n á ju okùn, wọ́n á sọ irin pẹlẹbẹ tí mọ́tò ń gbà kalẹ̀, ọkọ̀ ò sì gbọ́dọ̀ máa fò sókè sódò nígbà tí èèyàn ń sọ̀ kalẹ̀. Bí atẹ́gùn bá ń tì í lu kọnkéré, tàbí tó ń tì í padà sẹ́yìn, kò sí bí ẹ́ńjìnnì ṣe lágbára tó tí ewu ò ní sí ńbẹ̀.

Torí náà, ìbéèrè tí ọ̀gá ọkọ̀ ń bi ara ẹ̀ kì í ṣe "ṣé mo lè sọdá?" Ohun tó ń bi ara ẹ̀ ni pé "tí mo bá sọdá, ṣé mo máa lè so ọkọ̀ mọ́lẹ̀? Ṣé mo sì máa lè padà?" Ọ̀sán Sátidé tá a wí yẹn, ọkọ̀ náà ì bá lọ, kó sì gúnlẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ṣùgbọ́n òun kan náà ló gbọ́dọ̀ padà, nígbà tí ìjì á ti wọlé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ewé tí kò mì nìyẹn. Tó bá máa fi di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, fèrèsé yàrá tá a háyà ní Fort William ń gbọ̀n gbagagbaga, ẹ̀gbọ́n mi sì ti dákẹ́ ìbéèrè.

Àwọn tó ń wakọ̀ ojú omi níbẹ̀ kò lè gbàgbé January 31, 1953. Ọkọ̀ Princess Victoria, tó jẹ́ ti rélùwéè ilẹ̀ Britain, gbéra ní Stranraer láàárọ̀, ó ń lọ sí Larne ní Northern Ireland. Ìjì ti ń jà kó tó gbéra. Ìgbì fọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tí mọ́tò ń gbà wọlé, omi ya wọ inú ọkọ̀. Èèyàn tó lé ní 130 ló kú. Kò sí obìnrin kan tàbí ọmọdé kan tó yè nínú wọn. David Broadfoot tó ń bójú tó rédíò jókòó ti ẹ̀rọ ẹ̀, ó ń ránṣẹ́ pe ìrànlọ́wọ́ títí ọkọ̀ fi rì. Lẹ́yìn ikú ẹ̀ ni wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ George Cross. Ìjì yẹn kan náà ló lọ mú kí òkun ya lu ìlà oòrùn England àti ilẹ̀ Netherlands lóru ọjọ́ náà.

Bí wọ́n ṣe ń mọ̀ kó tó dé, iṣẹ́ Met Office ni, àjọ tó ń sọ bí ojú ọjọ́ á ṣe rí. Àwọ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi ń kìlọ̀: yẹ́lò, àwọ̀ ọsàn, àti pupa. Kì í ṣe agbára atẹ́gùn nìkan ni wọ́n ń wò. Wọ́n ń wo ohun tó lè bàjẹ́ àti bó ṣe dájú tó. Láti 2015, àwọn àti akẹgbẹ́ wọn ní Ireland ti ń sọ ìjì lórúkọ bí ẹni ń sọmọ, wọ́n ń tẹ̀ lé a-b-d láti September. Éowyn ni ìkarùn-ún fún sáà 2024 sí 2025. Ní ọjọ́ Friday, January 24, 2025, tí ó jà, atẹ́gùn dé kìlómítà 184 ní wákàtí kan ní Mace Head ní Ireland, èyí tó ga jù nínú àkọsílẹ̀ orílẹ̀-èdè náà. Ní Scotland, wọ́n gbé àwọ̀ pupa síta, rélùwéè ScotRail kankan ò sì rìn lọ́jọ́ yẹn, káàkiri gbogbo ilẹ̀ náà. Wọ́n ti kéde ẹ̀ ṣáájú kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ọ̀rọ̀ owó

Ibí yìí ni kí ẹ fetí sílẹ̀ sí dáadáa, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbèrò láti lọ. Òfin rélùwéè àti òfin ọkọ̀ ojú omi kò jọra rárá.

Lórí rélùwéè, bí wọ́n bá wọ́gi lé ọkọ̀ yín tẹ́ ẹ sì pinnu pé ẹ ò lọ mọ́, gbogbo owó yín ló ń padà. Bí ẹ bá lọ, àmọ́ tẹ́ ẹ pẹ́ débẹ̀, ètò kan wà tó ń jẹ́ Delay Repay. Ní Scotland, ẹni tó pẹ́ tó ìṣẹ́jú 30 á gba ìdajì owó àlọ rẹ̀; ẹni tó pẹ́ tó wákàtí kan á gba gbogbo ẹ̀. Ìjì ló fà á o, ẹ́ńjìnnì ló bàjẹ́ o, kò kàn wọ́n. Ẹ̀yin ni kí ẹ béèrè; wọn kì í fi ránṣẹ́ sí yín fúnra wọn.

Lórí omi, wọ́n gbọ́dọ̀ dá owó yín padà tàbí kí wọ́n fi yín sínú ọkọ̀ mìíràn. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ojú ọjọ́ ló mú kó léwu láti lọ, wọn ò jẹ yín ní owó gbà-má-bínú, wọn ò sì jẹ yín ní hòtẹ́ẹ̀lì. Yàrá tá a sùn ní Fort William, àpò wa ló ti jáde. Èyí tá a sanwó ẹ̀ sílẹ̀ ní Skye, onílé ní òun ò dá kọ́bọ̀ padà, torí ilé òun ṣí sílẹ̀, àwa la ò wá. Ká sòótọ́, kò purọ́. Ìdí tí mo fi ń sọ pé kí ẹ ra yàrá tó ṣeé dá padà nìyẹn, kódà bó bá fi díẹ̀ wọ́n jù. Tẹ́ ẹ bá sì ní ọkọ̀ òfurufú láti wọ̀ padà sí Èkó, ẹ má fi òru tó ṣáájú ẹ̀ sùn sí erékùṣù. Ẹ jẹ́ kí ọjọ́ kan ó kéré tán wà láàárín.

Fún Skye, ọ̀nà mìíràn wà. Láti 1995 ni wọ́n ti kọ́ afárá sí i ní Kyle of Lochalsh, bọ́ọ̀sì sì wà láti Glasgow tó ń gba Fort William lọ sórí ẹ̀. Rélùwéè náà wà láti Inverness dé Kyle, òun náà sì rẹwà. Àmọ́ bí atẹ́gùn bá le jù, wọ́n máa ń ti afárá yẹn mọ́ ọkọ̀ tó bá ga, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò.

Àwọn tí kò ní afárá

Ní yàrá ìdúró ní Fort William, obìnrin àgbàlagbà kan jókòó tì wá, àpò oúnjẹ mẹ́ta lẹ́sẹ̀ ẹ̀, àpò òògùn kékeré lọ́wọ́. Eigg ló ń lọ. Ẹ̀gbọ́n mi, nọ́ọ̀sì lóòótọ́, béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ bóyá òògùn tó kù nílé máa tó. Mama náà ní ti ọkọ òun ni, ó sì ku ti ọjọ́ méjì. Kò bínú, kò pariwo. Ó ní òun ti wo ojú ọjọ́ láàárọ̀, òun kàn rò pé òun máa lè yára ju ìjì lọ ni.

Eigg, Rum, Muck àti Canna: erékùṣù kéékèèké mẹ́rin tó wà níwájú Mallaig. Kò sí afárá sí ìkankan nínú wọn. Ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ Lochnevis ló sábà máa ń kó oúnjẹ, lẹ́tà àti èèyàn lọ fún wọn, kì í sì í ṣe ojoojúmọ́ ló ń dé erékùṣù kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, ẹni tó bá pàdánù ti òní kò lè sọ pé ọ̀la lòun ń lọ. Bí àìsàn bá le koko, hẹlikópítà lè wá gbé èèyàn. Ṣùgbọ́n òògùn tó tán, ọjọ́ tí dókítà dá fún èèyàn, búrẹ́dì, ọmọ tó fẹ́ padà sí ilé ẹ̀kọ́, kò sí hẹlikópítà fún ìyẹn.

Àwọn ará Eigg kì í ṣe ọ̀lẹ o. Ní 1997, wọ́n dáwó, àwọn èèyàn láti ìta ràn wọ́n lọ́wọ́, wọ́n ra erékùṣù náà lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Láti 2008, wọ́n ń fi omi, atẹ́gùn àti oòrùn ṣe iná mànàmáná tiwọn, tọ̀sán-tòru ló sì ń tàn. (Ẹ má bi mí nípa tiwa.) Atẹ́gùn tó ń dá ọkọ̀ wọn dúró náà ló ń bá wọn tan gílóòbù. Ọkọ̀ nìkan ni wọn ò lè dá ṣe.

Ibẹ̀ sì ni èmi ò ti fẹ́ kí wọ́n máa di gbogbo ẹ̀bi ru ìjì. Ní 2015, ìjọba Scotland fún ilé iṣẹ́ kan ní iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ńlá méjì fún àwọn erékùṣù. Ọdún 2018 ló yẹ kí àkọ́kọ́, Glen Sannox, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. January 2025 ló tó kó èrò. Ní gbogbo ọdún yẹn, àwọn ọkọ̀ tó ti darúgbó ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ra, tí wọ́n ń yá láti ọ̀nà kan dí ọ̀nà kejì. Ìjì á kọjá lọ tán lálẹ́ Sunday, ọkọ̀ tó yẹ kó gbéra ní àárọ̀ Monday á ti wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Àwa tá a wá ya fọ́tò á gba owó wa padà, a ó wọ bọ́ọ̀sì, a ó sì dé Glasgow.

Ẹ̀gbọ́n mi dé ibi iṣẹ́ ní ọjọ́ Ajé, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Lálẹ́ yẹn ló ránṣẹ́ sí mi pé òun yẹ fóònù wò: ọjọ́ Tuesday ni wọ́n kọ pé ọkọ̀ Eigg máa lọ, bí atẹ́gùn bá gbà.